Ọmọ tí wọ́n ya àáké sí lórí: ọ̀ràn Charlotte Braun inú Peanuts

Lẹ́tà kan wà ní Library of Congress, ibi ìkówèésí ńlá ìjọba lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà. Charles Schulz, bàbá tó ya Peanuts, ìyẹn àwòrán ẹ̀fẹ̀ àwọn ọmọdé kan àti ajá tó máa ń jáde nínú ìwé ìròyìn lójoojúmọ́, ló kọ ọ́ ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní 1955, ó sì fi ránṣẹ́ sí obìnrin kan tó máa ń ka àwòrán ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Nísàlẹ̀ lẹ́tà yẹn ló ya ọmọdébìnrin kékeré kan sí, irun wúrúwúrú, àáké wà lórí ẹ̀. Mi ò ní ó gbé àáké rù o. Inú orí ọmọ náà gan-an ni àáké wọ̀ sí.

Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ya nǹkan yìí kì í mutí, kì í mu sìgá, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ẹni jẹ́jẹ́ lásán ni. Charlotte Braun lorúkọ ọmọ yẹn, ìgbà mẹ́wàá péré ni wọ́n rí i nínú Peanuts, oṣù méjì àti ọjọ́ díẹ̀, ó parí. Mo fẹ́ tú bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ìdí àáké palẹ̀, torí pé àwọn tó máa ń sọ ìtàn yìí, obìnrin tó kọ lẹ́tà ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi, èmi ò sì gbà pé òun ló pa á.

Èmi gan-an ò mọ̀ pé ẹnì kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo kàn pinnu pé màá ka Peanuts láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni, lójoojúmọ́ bó ṣe jáde, mi ò ní fo ìkankan, nítorí èyí tó wà lọ́kàn gbogbo wa, ti ìgbà ẹ̀yìn ni, Snoopy tó sùn sórí òrùlé ilé ajá, Lucy tó ń fa bọ́ọ̀lù kúrò, Linus àti búláńkẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ti ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ni wọn ò tún tẹ̀ jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tí wọ́n bá ṣà ni wọ́n ń kó sínú ìwé. Ọdún 2004 ni iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé Fantagraphics ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ gbogbo ẹ̀ tẹ̀léra wọn, ìwé kìíní mú láti 1950 dé òpin 1952, lẹ́yìn ìyẹn ọdún méjì méjì. Nítorí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé látìgbà pípẹ́ lòun ti mọ Peanuts, ẹ bi í pé ọdún wo ló ka.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó ti ṣẹ̀ mú un. Schulz, ọmọ onígbàjámọ̀ ni, ní St. Paul, Minnesota. Ó ṣe ṣọ́jà nígbà ogun, ìyá ẹ̀ kú lọ́dún 1943 nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ológun, ó padà délé, ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní yíyà nípasẹ̀ lẹ́tà ní iléèwé kan ní Minneapolis. Láti 1947 ló ti ń ya àwòrán kan tó pè ní Li'l Folks fún ìwé ìròyìn ìlú ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ojú ewé àwọn obìnrin ni wọ́n sì ń gbé e sí. Nígbà tó ní kí wọ́n gbé òun sí ibi tó dáa jù bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ̀, ó fibẹ̀ sílẹ̀. 1950 ló kó iṣẹ́ ẹ̀ lọ New York sọ́dọ̀ United Feature Syndicate, ìyẹn iléeṣẹ́ tó máa ń ra àwòrán lọ́wọ́ ayàwòrán kan kí wọ́n tó tà á fún ìwé ìròyìn káàkiri. Wọ́n gbà á. Ọmọ ọdún 27 ni.

Wọ́n gbà á, àmọ́ wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n ní Li'l Folks ti jọ orúkọ àwòrán ẹlòmíì jù, ni ẹnì kan nínú ọ́fíìsì yẹn bá kọ orúkọ bíi mẹ́wàá sílẹ̀, wọ́n mú Peanuts. Ẹ̀pà! Bàbá yìí bínú sí orúkọ yẹn títí ó fi kú, ó ní ó ń sọ iṣẹ́ òun di yẹpẹrẹ. Good Ol' Charlie Brown lòun fẹ́, torí Charlie Brown ni olórí ọmọ inú ẹ̀. Ọdún 50 ló fi ń ya nǹkan tó kórìíra orúkọ ẹ̀, ẹ wo irú ìdààmú yẹn.

Ohun kejì tí wọ́n ṣe fún un ló kàn wá jù nínú ọ̀ràn yìí. Wọ́n ní kó ya á kéré. Àpótí mẹ́rin tó dọ́gba lójoojúmọ́, kí ọ̀gá ìwé ìròyìn lè tò ó sí gbọọrọ, tàbí kó tò ó sókè sísàlẹ̀, tàbí méjì lórí méjì, kó fi dí ihò yòówù tí ìpolówó ọjà bá dá sí ojú ewé. Ohun tí wọ́n fi ń polówó ẹ̀ nìyẹn, pé kò gbàyè. Àwọn ayàwòrán yòókù ń gba àyè tó pọ̀, ti Schulz dà bí sítáḿpù létí wọn. Kí ló máa ṣe? Ó ya orí ńlá, ara tín-ín-rín, ilẹ̀ kan, igi kan, ó tán. Ọmọ tó bá máa wọ inú àpótí yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni téèyàn máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú àmì kan ṣoṣo. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá 1950 ló bẹ̀rẹ̀, nínú ìwé ìròyìn méje. Èmi ti gbọ́ nípa ti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn rí, síbẹ̀ ó ṣì bá mi lójijì. Ọmọ méjì, Shermy ọmọkùnrin àti Patty ọmọbìnrin, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Charlie Brown ń bọ̀ lókèèrè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, orí ẹ̀ rogodo. Shermy ní wò ó, Charlie Brown ló ń bọ̀ yẹn. Ọmọ náà kọjá níwájú wọn, Shermy tún ń yìn ín, Charlie Brown wa dáadáa. Ó wá kọjá tán, kò sí nínú àpótí mọ́, ni Shermy bá yí ojú padà, ó ní òun mà kórìíra ọmọ yìí o. Patty ò sọ nǹkan kan látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọmọ ọdún mélòó nìyẹn? Lọ́jọ́ kejì, Patty ló ń bọ̀ tó ń kọ orin àwọn ọmọdé pé ṣúgà àti nǹkan aládùn ni wọ́n fi dá ọmọbìnrin, ó sì gbá Charlie Brown lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lójú, ó ń bá tiẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kẹta Snoopy dé, ajá lásán, ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó fi òdòdó sórí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ọdún méjì àkọ́kọ́ ni pé Charlie Brown kì í ṣe ẹni tí ayé ń fìyà jẹ. Aláṣejù ọmọ ni! Á lọ tọ́ Patty, á sọ̀rọ̀ sí Violet, ọmọbìnrin míì, wọ́n á lé e káàkiri, á máa sá, á tún máa rẹ́rìn-ín. Aṣọ ẹ̀ gan-an, funfun lásán ló fi bẹ̀rẹ̀, ìparí ọdún 1950 ni ìlà wọ́gọwọ̀gọ yẹn tó dé. Ẹni tó bá mọ ọn sí ẹni tí inú ẹ̀ ń bà jẹ́ ní gbogbo ìgbà, á rò pé ẹlòmíì ni wọ́n fi ròpò ẹ̀.

Látibẹ̀ ó wá dà bí ilé tí wọ́n ń gba ayálégbé. Violet dé lóṣù kejì 1951. Schroeder dé lóṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà, ọmọ ọwọ́ ni, kò tíì lè sọ̀rọ̀, nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án wọ́n ti gbé dùùrù ìṣeré síwájú ẹ̀, ó sì wá di ẹni tó ń lu orin Beethoven lórí dùùrù tó jẹ́ pé ọ̀dà ni wọ́n fi kun bọ́tìnnì dúdú ara ẹ̀. Lucy dé lóṣù kẹta 1952, òun náà kéré gan-an nígbà yẹn, ojú ẹ̀ rí roboto bí ojú ẹyẹ òwìwí. Linus àbúrò ẹ̀ dé lóṣù kẹsàn-án, búláńkẹ́ẹ̀tì dé tirẹ̀ ní 1954. Pig-Pen dé ní oṣù keje 1954 pẹ̀lú eruku ẹ̀.

Ṣé ẹ rí i pé kò sẹ́ni tó wọlé lọ́wọ́ òfo tó sì pẹ́? Dùùrù, búláńkẹ́ẹ̀tì, eruku. Shermy tó sọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú gbogbo ìtàn yẹn, òun ló yẹ kó jẹ́ baálé, àmọ́ kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, irun tó gé mọ́lẹ̀ nìkan ló ní, ló bá ń rọra pòórá lọ títí wọn ò fi rí i mọ́ lẹ́yìn 1969. Kò sẹ́ni tó fi àáké lé e. Àìníṣẹ́ lọ́wọ́ ló gbé e lọ.

Lucy ni kẹ́ ẹ wá ṣọ́. Ọmọ yẹn máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn yìí, Violet ló kọ́kọ́ ṣe é, ní oṣù kọkànlá 1951, kì í tiẹ̀ ṣe ìkà ni tirẹ̀, ẹ̀rù ló bà á pé Charlie Brown á gbá òun lọ́wọ́, ló bá jù ú sílẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà Lucy gba bọ́ọ̀lù, ó ń fà á kúrò tọkàntọkàn, ó di tiẹ̀ títí ayé. Kí Charlie Brown máa gbọ́ òkò ọ̀rọ̀, Patty àti Violet ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀, Lucy gba ìyẹn náà. Kó tó di ìparí 1954, ọmọ tí wọ́n gbé wọlé nínú bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́ ti di alárìíwísí àdúgbò, ó ń pariwo, ó ń jiyàn pé òun ló mọ̀ ọ́n. Bí Lucy ṣe ń gun òkè ni Charlie Brown ń rẹlẹ̀. Aláṣejù ìjelòó ti di ẹni tí wọ́n ń bú.

Ọdún 1954 yẹn sì jẹ́ ọdún tí Schulz ń dán nǹkan wò lọ́tùn-ún lósì. Lóṣù karùn-ún, lọ́jọ́ Àìkú mélòó kan tẹ̀léra wọn, ó mú Lucy lọ ṣeré gọ́ọ̀fù níbi ìdíje, ó sì ya àwọn àgbàlagbà síbẹ̀! Àgbàlagbà nínú Peanuts! Ẹ lọ wò ó, ó burú lójú, ńṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n gbé òrùlé ilé kúrò lórí ẹ̀. Òun náà mọ̀, kò tún dán an wò bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo mẹ́nu bà á kẹ́ ẹ lè rí i pé kì í ṣe Charlotte nìkan ni nǹkan tó ṣe tí kò bọ́ sí i lọ́dún yẹn.

Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 1954 ni Charlotte Braun wọlé. Orúkọ ẹ̀ ni àwàdà ẹ̀, Charlie Brown, Charlotte Braun, ẹ ti gbọ́ ọ. Ó lóhùn bí ẹni tó ń pe èèyàn lókè odò, ó ń ṣe bí ọ̀gá, ó lérò lórí gbogbo nǹkan. Mò ń kà á lórí fóònù, mo tiẹ̀ kọ́kọ́ rò pé ojú ewé yẹn ni kò jáde dáadáa, torí pé bó ṣe ń pariwo, lẹ́tà dúdú kìjikìji ni Schulz fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ga, ó fẹ̀, ó ń ti àwọn tó kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ló ti wọ gbèsè. Ẹ rántí ihò kékeré tí wọ́n ní kó máa dí. Ariwo nínú àwòrán, lẹ́tà ńlá ni, kò sí ọ̀nà míì, lẹ́tà ńlá sì ń jẹ àyè. Tí Schroeder bá fẹ́ jẹ́ Schroeder, ó nílò ìlà ohùn orin díẹ̀ lókè, ó tán. Linus nílò aṣọ kan létí. Charlotte ní tirẹ̀, tó bá ti ya ẹnu, ìdajì àpótí ti lọ, àpótí mẹ́rin péré lèèyàn sì ní. Àwàdà wo ló fẹ́ kù? Kí ẹlòmíì di etí. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ó ti tó.

Ẹnì kan lè ní Pig-Pen ńkọ́, òun náà ò ṣe ju nǹkan kan lọ. Òtítọ́ ni, Schulz fúnra ẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣoṣo ló wà nídìí Pig-Pen, àwọn òǹkàwé ló fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ eruku ò ní kí ẹnikẹ́ni sún. Pig-Pen lè dúró sẹ́yìn kó máa bu eruku jẹ́jẹ́ nígbà tí àwọn yòókù ń sọ̀rọ̀. Aláriwo ò lè dúró sẹ́yìn.

Àti pé ìjókòó yẹn ti ní olówó. Ká ní 1951 ni Charlotte dé, nígbà tí Lucy ò tíì sí, tí Charlie Brown ṣì ń yọ èèyàn lẹ́nu, mo fẹ́ gbà pé ì bá rọ́wọ́ mú, torí pé ẹni tó lágídí tó ń bá aláṣejù wọ̀yá ìjà, ìtàn ti dé nìyẹn. Ní 1954, ẹni tó fẹ́ jágbe mọ́ Charlie Brown ní láti gbàṣẹ lọ́wọ́ Lucy. Charlotte wá jókòó sórí àga ẹlòmíì láìmọ̀, kò sì ní ohun tí Lucy ní, torí Lucy ní àbúrò tó lè halẹ̀ mọ́, ó ní Schroeder tó ń lérí pé òun máa fẹ́, tí ìyẹn ò dá a lóhùn. Ẹni tó ń lu èèyàn tí òun náà sì ń sunkún ní kọ̀rọ̀, èèyàn ni. Ẹni tó kàn ń pariwo, ariwo ni.

Àwọn òǹkàwé rí i. Obìnrin yẹn kọ̀wé sí Schulz pé kó jọ̀ọ́ yọ Charlotte Braun kúrò. Èsì tó gbà ni lẹ́tà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, àwàdà sì ló kún inú ẹ̀: Schulz ní òun ti gbọ́, òun máa gbàmọ̀ràn, tí obìnrin náà bá tún rí ọmọ yẹn lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn tí òun ti yà tẹ́lẹ̀ ni, àyàfi tí ẹlòmíì bá kọ̀wé pé òun fẹ́ràn ẹ̀. Ó wá bi í léèrè pé ṣé ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ti ṣe tán láti gbé ikú ọmọ aláìṣẹ̀ lé ọkàn yín? Lẹ́yìn náà ló ya àáké.

Ẹ wo ọjọ́ ibẹ̀ dáadáa. Lẹ́tà, 5 oṣù kìíní. Ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n rí Charlotte, 1 oṣù kejì. Àwòrán ìwé ìròyìn, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ni wọ́n máa ń yà á, kó lè dé ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́, kó dé ọ̀dọ̀ àwọn ìwé ìròyìn, kó tó jáde. Tóò, tó bá jẹ́ pé láti ọjọ́ tó gba lẹ́tà ló ti sọ pẹ́ńsù sílẹ̀ lórí ọmọ yẹn, èyí tó ti yà sílẹ̀ á gbé e dé nǹkan bí ìgbà yẹn. Kò jà fún un rárá, kò ní ẹ jẹ́ kí n dán an wò dé oṣù kẹrin. Ayàwòrán tó nífẹ̀ẹ́ ẹni tó dá, tí òǹkàwé kan kọ̀wé pé òun ò fẹ́ ẹ, ṣé ohun tó máa ṣe nìyẹn? Snoopy ńkọ́, ká ní ẹnì kan kọ̀wé pé òun ò fẹ́ Snoopy? Á jù ú sínú agbọ̀n ìdọ̀tí ni. Schulz ti mọ̀ kí lẹ́tà tó dé, ó kàn ń wá ẹni tó máa gbé ẹ̀bi lé ni, ó sì rí obìnrin kan tó fúnra ẹ̀ kanlẹ̀kùn.

Àwàdà tó mú gidi dání ni, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn lẹ́tà náà. Ó ní ẹ̀yin lẹ pa á, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ òun ni pẹ́ńsù wà.

Ohun kan tún pa mí lẹ́rìn-ín nínú àwọn ìwé Fantagraphics yẹn. Torí pé ọdún méjì méjì ni wọ́n fi dì wọ́n, ìwé tó mú 1953 àti 1954 parí nígbà tí Charlotte ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá ka ìyẹn nìkan á pa á dé pẹ̀lú ìrètí pé a ti ní ẹni tuntun o. Á ṣí ìwé tó kàn, ọmọ ti dàgbére kó tó yí ojú ewé mélòó kan.

Nǹkan yìí ò sì mú kí Schulz di etí sí lẹ́tà. Ní oṣù kẹrin 1968, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n pa Martin Luther King, obìnrin olùkọ́ kan ní California kọ̀wé sí i pé kó fi ọmọ aláwọ̀ dúdú kan kún wọn. Schulz fèsì pé òun fẹ́ bẹ́ẹ̀ àmọ́ ẹ̀rù ń ba òun kó má lọ dà bí ẹni tó ń rẹ àwọn aláwọ̀ dúdú sílẹ̀. Wọ́n kọ lẹ́tà lọ, wọ́n kọ ọ́ bọ̀, nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù keje, Charlie Brown pàdé Franklin létí òkun. Franklin ò pariwo. Ó bá a mú bọ́ọ̀lù tó sọnù wá, wọ́n jọ kọ́ ilé oníyanrìn. Òun ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Schulz kú ní ọjọ́ 12 oṣù kejì 2000, Peanuts tó yà kẹ́yìn fún ọjọ́ Àìkú sì jáde lọ́jọ́ kejì. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 17,897. Ìgbà yẹn ni obìnrin tó gba lẹ́tà Charlotte Braun tó gbé e fún Library of Congress. Ọdún 45 ló fi tọ́jú ẹ̀ sílé, iwájú bébà yẹn ṣì wà bó ṣe wà, ọmọ náà ṣì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú irun wúrúwúrú ẹ̀, àáké ò sì tíì kúrò.